Ògiri Tí Òjò Kò Rí Mọ́

Ní Betesda tiwa, kì í ṣe ti adágún oníloro márùn-ún,
ti Wales ni mò ń wí, níbi tí òkè ti dé ìkùukùu bíi fìlà tí kì í ṣí,
òjò kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó dé.
Ẹni eji rí ni eji ń pa.
Ògiri ẹ̀yìnkùlé wa ló sì ń rí jù:
ọgọ́fà ọdún, láti ayé bàbá bàbá Emrys,
ló fi dúró ní ìhòòhò, tó ń gbà á sáyà.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí Emrys lọ fẹ̀yìn tì,
ó wo ilé yíká, ó ní, fẹ̀yìn ti kí ni?
Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà sára ògiri náà.
Níbí ni òrùlé yóò fara tì.
Mo ní, òrùlé wo? Ó ní, ti gíláàsì.
Mo ní, a ò ní oòrùn, kí la fẹ́ fi gíláàsì mú?
Ó wúkọ́.
Ó ní, Nesta, a óò mú èyí tó bá ń kọjá.

Gethin ọmọ wa pè wá láti Cardiff:
ẹ ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń tò ó.
Bàbá rẹ̀ na fóònù sí mi
bí ẹni na àwo ọbẹ̀ tó ti tutù.

Ilé ìwé àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń wó lọ́nà Gerlan.
Ó tú fèrèsé ibẹ̀, ó kó wọn wálé nínú bárò
lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni gbé aláìsàn.
Lára ọ̀kan, ọmọdé kan ti fi ìṣó kọ TEGID.
A kò mọ Tegid. Ó ń bá wa jẹun báyìí.

Ògiri náà kò tọ́. Kò sóhun tó tọ́ nínú ilé yìí.
Ó gbé ọ̀pá olómi lé e, afẹ́fẹ́ róbótó inú rẹ̀
sá lọ sí ìkángun kan, ó jókòó síbẹ̀, kò padà.
Emrys bú bàbá bàbá rẹ̀ lédè Wales, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.
Lẹ́yìn náà ló rẹ́ pákó kó bá wíwọ́ ògiri mu.
Ẹni tó bá fẹ́ fara ti àgbà,
àfi kó kọ́ bí àgbà ṣe tẹ̀.

Èmi ló di àkàbà mú. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá.
Tó bá gun ìgbésẹ̀ mẹ́ta, a óò dúró kí èémí rẹ̀ lè bá a.
Eruku òkúta tó fi ogójì ọdún fà símú
kò bá a fẹ̀yìn tì.

Ó tẹ òjé mọ́ ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri,
ó fi òòlù igi lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.
Síbẹ̀, ibì kan ń jò.
Ẹ̀kán kan. Ó sinmi. Ẹ̀kán kan.
Ó wá ojú ihò náà títí, kò rí i.
Mo gbé ìkòkò àjàrà sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí.

Kí n má purọ́: kíṣìnnì mi ti ṣókùnkùn.
Fèrèsé tí mo fi ń wo àgùntàn lórí òkè
ń wo àga Emrys báyìí, àti bàtà òjò rẹ̀.
Bí òjò bá sì rọ̀ tagbára-tagbára, ariwo orí gíláàsì
kì í jẹ́ ká gbọ́ra wa. Ètè la fi ń mọ ọ̀rọ̀.
N kì í gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nígbà náà.
Mo máa ń fẹ́ kó pẹ́.

Lálẹ́ àná mo fọwọ́ kan ògiri náà.
Ìkọ́ okùn aṣọ mi ṣì wà lára rẹ̀, kò gbé nǹkan kan mọ́.
Ehu aláwọ̀ ewé ti ń bọ́ bí èèpo.
Ó gbẹ.
Ọgọ́fà ọdún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí.
Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹ̀gbẹ́ ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.
Emrys fẹ̀yìn tì í, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀,
òjò ń fi ọmọ ìka kan kan orí gíláàsì.
Mo tẹ́tí.
Ẹ̀kán kan.
Ó sinmi.
Mo ń dúró de èkejì.